Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjọba fún ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́: ta ló ń dúró dè wọ́n ní ìparí rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò mi obìnrin parí ilé-ìwé girama ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dá a lóhùn rárá, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹni tí ó ti ní ìrírí ni àwọn ń wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ̀wé sí i pé àyè ti wà fún un nínú ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ètò náà: yóò lo méjì nínú kíláàsì, yóò lo mẹ́rin tó kù ní ilé-iṣẹ́ kan, ìjọba yóò sì máa fún un ní owó ìtìlẹ́yìn tí kò pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Inú àwọn òbí wa dùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti parí lójú tiwọn. Èmi gan-an ni kò tíì dá lójú, nítorí mo mọ ẹni méjì tí wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí, tí wọ́n sì padà wá jókòó sílé. N kò béèrè bóyá ìjọba dára tàbí kò dára o. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó ń mú kí ètò kan yọrí sí iṣẹ́ fún ọmọ, tí òmíràn sì kàn ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Kí ni ó yẹ kí n bi wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ náà kí àbúrò mi tó fọwọ́ sí ìwé wọn?

Ọmọ_Ètò_Àná kọ pé:

Mo ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, n ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo wá kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi mí sí yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, pé kí n máa ka páálí, kí n sì máa tò wọ́n. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, páálí ni mo ṣì ń kà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ọjọ́ tó kù kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́, iṣẹ́ ni, àmọ́ owó iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń san fún mi. Ní ọjọ́ tí mo parí, ọ̀gá ibẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ ètò mìíràn ti wà ní ipò mi. Kí ni ọ̀gá náà yóò tilẹ̀ fi gba òṣìṣẹ́, nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ tí kò ná an ní kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà?

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi wọ́n nìyí: àwọn ọmọ tí ẹ fi sí ilé-iṣẹ́ yìí ní ọdún tó kọjá, mélòó ni ilé-iṣẹ́ náà gbà síṣẹ́? Kì í ṣe mélòó ni ó parí ètò o. Mélòó ni wọ́n gbà.

Akàwé_Alẹ́ kọ pé:

Ohun tí Ọmọ_Ètò_Àná sọ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1978, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Youth Opportunities Programme, lábẹ́ àjọ Manpower Services Commission, fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé tí wọn kò sì ríṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ni ó ríṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1982, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè náà ti lé ní 3,000,000, ètò kan náà tí ó ti ń mú ọmọ dé ẹnu iṣẹ́ sì wá ń dá wọn padà sílé. Ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ètò náà ni pé ìkọ́ni inú rẹ̀ kò jinlẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìkọ́ni náà kò jinlẹ̀ ní 1978 pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí ó wà níta ni ó ti tán.

Ní ọdún 1983, wọ́n fi Youth Training Scheme rọ́pò rẹ̀. Ọdún kan ni, owó ìtìlẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ £25 lọ́sẹ̀, wọ́n sì là á sílẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ pé, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 13 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò kọ́ kúrò ní ìdí iṣẹ́. Ní 1986 ó di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ náà sì di 20. Ẹ wo ohun tí iye ọ̀sẹ̀ yẹn ń sọ fún wa: bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yóò kẹ́kọ̀ọ́, yóò máa ka páálí ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn fura. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fi kíláàsì sílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìjọba fẹ́ sọ ètò náà di dandan. Ní 1988, òfin tuntun dé tí ó gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17 tí kò níṣẹ́, ó sì di pé ẹni tí ó bá kọ ètò náà kò ní ohun mìíràn tí yóò gbé ara lé.

Ojú tèmi ni pé níbi tí ọmọ kò ti lè kọ̀, kò sí ohun tí ó ń lé ẹni tó ń kọ́ ọ láti kọ́ ọ dáadáa.

Oníwàyà kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àwa tí ẹ ń bú. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ń ṣe, ènìyàn mọ́kànlá ni a jẹ́, mo sì ti gba ọmọ mẹ́rin láti inú irú ètò yìí. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan kì í ṣe ọwọ́ ọ̀fẹ́ rárá. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí ènìyàn kan lè ṣe tán ní wákàtí méjì yóò gba mẹ́ta, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní láti dúró ṣàlàyé, kí ó sì máa ṣọ́ ọmọ náà kí iná má baà gbé e. Wáyà kì í bi ènìyàn pé ọdún mélòó ni ó ti lò nídìí iṣẹ́. Ìgbà tí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúlò bọ̀ ni oṣù mẹ́fà pé, tí wọ́n sì ní kí ó máa bọ̀. Mo gba méjì nínú àwọn mẹ́rin náà síṣẹ́. Àwọn méjì yòókù kò ṣe ohun tí kò dára. Iṣẹ́ tí a ní lọ́wọ́ nígbà náà ni kò tó láti fi san owó wọn.

Oṣù mẹ́fà kéré jù fún iṣẹ́ ọwọ́. Ní Jámánì, ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ọmọ ń fi kọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́: ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé-ìwé iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń san owó oṣù ọmọ náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1969 ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó sì ń ṣètò ìdánwò, nítorí náà ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ gbà ní ìlú kan, agbanisíṣẹ́ ní ìlú mìíràn mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní irú ọ̀nà yìí lé ní 300. N kò sọ pé kí gbogbo ayé lọ ṣe bíi Jámánì, nítorí ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kò ṣeé yá lò ní ọdún kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹni tí yóò lo ọmọ náà ni ó ti ń náwó lé e lórí láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá ti náwó lórí nǹkan kì í fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ọmọ_Ètò_Àná kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n Oníwàyà, n kò bú yín, ẹ má bínú. Ó jọ pé ẹ ti bá mi sọ ohun tí mo ń wá ọ̀rọ̀ fún láti ìgbà yìí wá. Ibi tí ọmọ bá ti ń ná ọ̀gá rẹ̀ lówó àti àkókò ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ibi tí ó bá ti wúlò ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ lásán ni wọ́n ń wá.

Kò_Dá_Mi_Lójú kọ pé:

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí iṣẹ́ ogún bá wà ní agbègbè kan, tí ọ̀dọ́ ọgọ́rùn-ún sì ń wá a, kí ìjọba kọ́ gbogbo ọgọ́rùn-ún náà ní ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ láyé, iṣẹ́ ogún náà ni yóò ṣì wà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kàn ń fa ẹnì kan síwájú lórí ìlà ni. Ìlà náà kò kúrú, ẹni tí wọ́n sì fà á kọjá ti lọ sẹ́yìn láì mọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó tún ń dùn mí ni pé irú ètò wọ̀nyí máa ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ọmọ ni ó ní àléébù: kò mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà, kò mọ bí a ti ń jí ní kùtùkùtù, kò mọ bí a ti ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ sì máa rí i pé ní ọdún tí iṣẹ́ bá pọ̀, àwọn ọmọ kan náà yìí ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń gbà láì béèrè ìwé-ẹ̀rí kankan.

Akàwé_Alẹ́ kọ pé:

Ọ̀rọ̀ ìlà yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, tí Bruno Crépon àti Esther Duflo wà lára wọn, fi tẹ́tẹ́ yan àwọn agbègbè tí wọn yóò ti ran àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé tí kò ríṣẹ́ lọ́wọ́ láti wá a, wọ́n sì tún fi tẹ́tẹ́ yan àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra wọn nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ yára ríṣẹ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n apá kan nínú àǹfààní náà jẹ́ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́ ní agbègbè kan náà, pàápàá níbi tí iṣẹ́ ti wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka kìkì àwọn tó ríṣẹ́ láti inú ètò yóò rò pé ó jèrè ju bí ó ti jèrè lọ.

Èyí gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀ fojú sí dáadáa. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ wọn ríṣẹ́, ẹ bi ara yín pé mélòó nínú mẹ́fà náà ni ìbá ríṣẹ́ bí wọn kò bá tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n fi tẹ́tẹ́ yan àwọn tó wọlé kí wọ́n lè yẹ ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin Job Training Partnership Act wò, wọ́n rí i pé owó tó ń wọlé fún àwọn àgbàlagbà tó gba ibẹ̀ kọjá gbé pẹ́ẹ́lí, ṣùgbọ́n ti àwọn ọ̀dọ́ tó ti kúrò nílé-ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò ṣe é. Ìjọba ibẹ̀ sì gé owó apá tàwọn ọ̀dọ́ kù gidigidi lẹ́yìn náà.

Ẹ má tíì sọ̀rètí nù ṣá. Kòlóńbíà náà ṣe tirẹ̀, Jóvenes en Acción, láti 2001 sí 2005, fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 25 tí ilé wọn kò rí já jẹ: oṣù mẹ́ta nínú kíláàsì, oṣù mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi yan àwọn tó wọlé nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tó ń wọlé fún àwọn obìnrin tó wọlé fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ju ti àwọn obìnrin tí kò wọlé lọ. Ti àwọn ọkùnrin kò tó bẹ́ẹ̀. Ètò náà kò pẹ́ ju ti àbúrò yín lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú kíláàsì nìkan ni wọ́n ṣe. Ilé-iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Olùkọ́_Kíláàsì kọ pé:

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ni nínú irú ètò yìí, n kò sì sí níbẹ̀ mọ́, nítorí náà mo lè sọ ohun tí wọn kì í kọ sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ wádìí ni ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Bí ìjọba bá ń san owó lórí iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, a ó kó ọmọ kún kíláàsì débi tí ìjókòó kò ní tó. Bí ó bá ń san án lórí iye tó parí, a ó rọ ìdánwò kí gbogbo wọn lè parí. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti sọ fún wa pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fìdí rẹmi. Bí ó bá sì ń san án lórí iye tó ríṣẹ́, èyí tí ó dára létí jù lọ, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọmọ tí ìbá ríṣẹ́ fúnra wọn: ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa, ẹni tó múra dáadáa, ẹni tí òbí rẹ̀ mọ ènìyàn. Ọmọ tí ètò náà wà fún gan-an, a ó sọ fún un pé àyè ti kún. N kò sọ pé ènìyàn burúkú ni wá. Bí wọ́n bá ti ń ka nǹkan ni a ṣe ń ṣe é. Àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe máa ń san apá kan owó náà nígbà tí ọmọ bá wọlé, wọn yóò sì fa ìyókù sẹ́yìn títí ọmọ yóò fi lo oṣù bíi mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò sì fi kún un fún ọmọ tí ó ṣòro láti bá wá iṣẹ́. Ó sàn, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò máa lọ ilé-iṣẹ́ káàkiri láti wò ó pé ọmọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé.

Ohun kejì ni owó ìtìlẹ́yìn. Ẹ má ka èyí sí ohun kékeré. Ọmọ tí owó ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé yóò pa kíláàsì jẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí ó bá sì ti pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìtìjú kì í jẹ́ kí ó padà wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé wọ́n sá lọ, ẹsẹ̀ ni kò gbé wọn dé ibẹ̀ mọ́.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, ẹ mú orúkọ ìwé-ẹ̀rí náà lọ bá agbanisíṣẹ́ méjì tí kò sí nínú ètò náà, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Fún_Wọn_Lówó kọ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n fún àwọn ọmọ náà lówó, kí wọ́n ra irinṣẹ́ fúnra wọn? Ní àríwá Uganda, ní 2008, ìjọba fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní owó tó tó nǹkan bí $382 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi kọ́ṣẹ́, wọ́n sì fi ra irinṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún wọn fi 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí tẹ́tẹ́ kò mú lọ.

Akàwé_Alẹ́ kọ pé:

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn ètò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù rẹ̀: nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tí kò gba owó ti lé wọn bá. Owó náà jẹ́ kí wọ́n tètè dé ibi tí àwọn yòókù padà dé. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré fún ọ̀dọ́, nítorí ọdún mẹ́rin tí ènìyàn fi jẹun dáadáa kò ṣeé dá padà. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun lọ.

Oníwàyà kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀, bí ó bá lọ, kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sí, kí ẹni tó ń kọ́ ọ máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ kan bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá síwájú mi, n kò ní wo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Bí ìwé náà bá sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, òun fúnra rẹ̀ yóò rí i pé páálí ni òun ń kà, yóò sì tètè fẹjọ́ sùn.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti àbúrò mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà lánàá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ní: iṣẹ́ ọ́fíìsì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí, àti àtúnṣe fíríìjì pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí mo béèrè iye ọmọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbà láti inú ti ọ́fíìsì, obìnrin tó dá wa lóhùn sọ fún wa iye tó gba ìwé-ẹ̀rí. Mo tún un béèrè, ó tún sọ iye tó gba ìwé-ẹ̀rí. Nípa ti fíríìjì, ọkùnrin kan ṣí ìwé àjákọ tí etí rẹ̀ ti gbó: mẹ́sàn-án ni ó wọlé nígbà tó kọjá, ẹnì kan kò parí, ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ gba mẹ́rin, méjì wà ní ibòmíràn, ó sì mọ orúkọ ibẹ̀, àwọn méjì yòókù ṣì ń wá iṣẹ́. Ó fi kún un, láì jẹ́ pé mo bi í, pé àwọn ọ̀gá ibẹ̀ máa ń ráhùn pé àwọn ọmọ ń fi àkókò wọn ṣòfò ní oṣù àkọ́kọ́. Mo rántí ohun tí Ọmọ_Ètò_Àná sọ, mo sì rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé Kò_Dá_Mi_Lójú yóò béèrè ẹni tí àbúrò mi yóò gba iwájú rẹ̀ lórí ìlà. N kò ní èsì fún un. Owó ìtìlẹ́yìn náà kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá ní láti lọ sí ibi méjì, èmi ni n ó sì máa fi kún un.

Ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti fíríìjì. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti ra ìwé àjákọ, ó sì ní kí n bá òun wá bàtà iṣẹ́ tí irin wà níwájú rẹ̀, nítorí kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ obìnrin nínú èyí tí wọ́n ń pín níbẹ̀.